Ajá tó ń fa olówó rẹ̀ kiri títì: kọ́là, hánẹ́ẹ̀sì, àti iṣẹ́ tí ẹsẹ̀ ń ṣe

Nǹkan bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Géètì ṣí, Alsatian tó ti wà nínú kéèjì láti àárọ̀ bẹ́ jáde, ọmọkùnrin tó di ṣéènì rẹ̀ mú ń sáré tẹ̀ lé e, sálúbàtà ẹsẹ̀ kan ti bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn. Ajá ń húkọ́ nítorí kọ́là tó fún un lọ́rùn, síbẹ̀ kò dúró. Ta ló ń mú ta rìn níbẹ̀? Bí olówó ajá bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta nǹkan ajá, ìbéèrè kan ṣoṣo ló máa ń bi wọ́n: kọ́là wo ló lè dá a dúró? Wọn á ta ṣéènì tó ń fún ọrùn fún un, tàbí kọ́là eléyín irin. Owó á lọ, ajá á ṣì máa fà.

Ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ béèrè ni ohun tí ajá ń rí gbà nínú fífà. Ọ̀nà ló ń rí gbà. Ewúrẹ́ ń bẹ níwájú, ó fa okùn, ẹ gbé ẹsẹ̀ kan tẹ̀ lé e, ó ti sún mọ́ ewúrẹ́. Ìṣísẹ̀ yẹn ni owó iṣẹ́ rẹ̀, ẹ sì san án lójú ẹsẹ̀. Tí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìgbà ọgọ́rùn-ún láàárín géètì àti ìkóríta, ẹ ti kọ́ ọ ní iṣẹ́ fífà dáadáa, ẹ ò kàn mọ̀ pé ẹ̀yin ni tíṣà ni. Ẹ fi kún un pé ẹsẹ̀ mẹ́rin ló ní, ìrìn tó bá a lára mu yá ju ti èèyàn lọ. Ẹ tún fi kún un pé bí nǹkan bá ń fà á sẹ́yìn, ara rẹ̀ á fẹ́ tì síwájú. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ti ajá láyà díẹ̀, ẹ ó rí i pé á fara tì yín padà. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ náà nìyẹn lójú títì tí ẹ bá ń fa okùn sẹ́yìn láìdáwọ́ dúró.

Nítorí náà, iṣẹ́ méjì péré ni ohun tí a bá so mọ́ ajá lára ní: kó má ṣe é léṣe, kó sì dín agbára rẹ̀ kù títí ẹ̀kọ́ á fi wọlé. Ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀, ẹsẹ̀ yín ló ń kọ́ ọ.

Ọrùn kì í ṣe ibi tí à ń fi fa nǹkan

Inú ọrùn ni ọ̀nà ọ̀fun wà, àti àwọn iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí orí. Ìwádìí kan tó jáde ní 2006 wo ojú ajá nígbà tó ń fa kọ́là àti nígbà tó ń fa hánẹ́ẹ̀sì, ìyẹn ọ̀já tí a ń dì mọ́ èjìká àti àyà ajá: kọ́là mú kí omi inú ẹyin ojú máa ti ojú gan-an, hánẹ́ẹ̀sì kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 2020, àwọn olùwádìí ní Nottingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi oríṣiríṣi kọ́là dán ọrùn àtọwọ́dá wò, títí kan èyí tó fẹ̀ àti èyí tí wọ́n fi nǹkan rírọ̀ tẹ́ nínú. Wọn kò rí ọ̀kan nínú wọn tí kò lè ṣe ọrùn léṣe bí ajá bá fà á tagbára-tagbára.

Ajá kékeré ni kí ẹ ṣọ́ jù: Lhasa, Pomeranian, Chihuahua. Ọ̀nà ọ̀fun wọn rọ̀, ó sì lè wó sínú. Tí ajá kékeré bá ń húkọ́ lóhùn gbígbẹ, bí ìgbà tí pẹ́pẹ́yẹ ń ké, ẹ bọ́ kọ́là kúrò nínú ọ̀rọ̀ okùn pátápátá, kí ẹ sì gbé e lọ rí dókítà ẹranko. Bulldog àti Pug náà, tí imú wọn pẹlẹbẹ, mímí lásán ti jẹ́ iṣẹ́ fún wọn tẹ́lẹ̀.

Èyí ò wá ní kí ẹ sọ kọ́là nù. Kọ́là pẹlẹbẹ ni kí ajá máa wọ̀ kí ẹ lè so nọ́ńbà fóònù mọ́ ọn. Àwọn ará wa tó ń gbé ní Gẹ̀ẹ́sì ò tilẹ̀ ní yíyàn nínú èyí: òfin ọdún 1992 sọ pé ajá tó bá wà níta gbangba gbọ́dọ̀ wọ kọ́là tí orúkọ àti àdírẹ́sì olówó rẹ̀ wà lára rẹ̀, hánẹ́ẹ̀sì ì báà wà lára rẹ̀, máíkírò-ṣíìpù ì báà wà lábẹ́ awọ rẹ̀. Kí ìka méjì lè wọ abẹ́ kọ́là náà wẹ́rẹ́. Fún ajá ńlá, ẹ ra èyí tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà méjì ààbọ̀ sí mẹ́rin, tí ìdè rẹ̀ jẹ́ irin, tó ní ahọ́n bíi ti bẹ́líìtì. Ìdè oníke máa ń fọ́ lójijì, ọjọ́ tí màlúù bá ń kọjá ló sì máa ń yàn.

Ajá ìbílẹ̀ wa, orí rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju ọrùn lọ, kọ́là pẹlẹbẹ sì máa ń yọ lórí rẹ̀ bó bá fà sẹ́yìn. Irú èyí ni wọ́n ṣe martingale fún: kọ́là tó ní òrùka irin méjì, tó ń fún díẹ̀ bí ajá bá fà, tó sì dúró síbi tí ẹ wọ̀n ọ́n sí. Bó bá fún tán, tí òrùka méjèèjì wá kanra, ẹ mọ̀ pé ó ti tóbi jù fún un. Kí àlàfo díẹ̀ ṣì wà láàárín wọn.

Ọmọ ajá ńkọ́? Ẹ yẹ kọ́là rẹ̀ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ̀dá tó ń dàgbà kíákíá ni, okùn tàbí wáyà tí wọ́n so mọ́ ọn lọ́rùn ní oṣù mẹ́ta tí wọ́n sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ máa ń gé wọnú awọ. Òórùn ni èèyàn kọ́kọ́ ń gbọ́, kí a tó fọwọ́ ya irun kí a tó rí egbò.

Hánẹ́ẹ̀sì tí òrùka rẹ̀ wà níwájú

Oríṣi méjì ló gbòde. Èyí tí òrùka rẹ̀ wà lẹ́yìn ajá, láàárín èjìká, gbogbo ìfà rẹ̀ ń bọ́ sí àyà. Irú rẹ̀ ni àwọn ará ilẹ̀ yìnyín fi ń wọ àwọn ajá wọn tó ń fa ẹrù. Ó tu ajá lára, ó sì jẹ́ kí ó lè fi gbogbo ara fà. Ẹni tó rà á pé kí ajá yé fà, tó wá rí i pé fífà náà tún le sí i, ajá rẹ̀ kò ya aláìgbọràn. Ohun ìfàkẹ̀kẹ́ ló gbé wọ̀ ọ́.

Èkejì ní òrùka lójú àyà. Bí ajá bá fà, okùn á yí àyà rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, sí ọ̀dọ̀ yín, kò sì ní lè fi agbára ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tì lọ tààrà. Èyí ni màá sọ pé kí olówó ajá mẹ́wàá nínú mọ́kànlá rà. Àmọ́ bí ẹ bá wọ̀ ọ́ fún un lódì, kò ní wúlò. Bí a ṣe ń wọ̀ ọ́ rèé.

Ẹ kọ́kọ́ fi téèpù télọ̀ wọn ìdí ọrùn, lẹ́yìn náà ẹ wọn àyà yípo níbi tó ti tóbi jù, lẹ́yìn ìgúnpá. Ẹ yan èyí tó bá dà bíi Y tí ẹ bá wò ó láti iwájú: ọ̀já méjì sọ̀ kalẹ̀ láti èjìká, wọ́n pàdé lójú egungun àyà, ọ̀kan gba àárín ẹsẹ̀ méjèèjì kọjá sábẹ́ ikùn. Èyí tó ní ọ̀já kan tó gba orí èjìká kọjá ní ìbú kò dáa tó o, torí ó lè má jẹ́ kí ẹsẹ̀ iwájú nà síwájú dáadáa. Òrùka iwájú gbọ́dọ̀ jókòó sórí egungun tí ẹ ń fọwọ́ kàn láàárín àyà. Tó bá gòkè dé ọ̀fun, ẹ ti ra kọ́là mìíràn nìyẹn. Ọ̀já tó yí àyà ká gbọ́dọ̀ jìnnà sí ẹ̀yìn ìgúnpá ní ìwọ̀n ìka méjì sí mẹ́ta. Tó bá sún mọ́ ọn jù, abíyá á bó. Ìka méjì lábẹ́ ọ̀já kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ tó jáde ní géètì, ẹ dúró níwájú rẹ̀, ẹ fa okùn sọ́dọ̀ yín wọ́ọ́rọ́wọ́, kí ẹ wò bóyá ó lè fi ẹ̀yìn rìn jáde nínú rẹ̀. Tó bá lè jáde nínú ọgbà, á jáde lójú títì. Lẹ́yìn ìrìn àkọ́kọ́, ẹ gbé ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ sókè, kí ẹ wo abíyá lábẹ́ iná: irun tó ń já àti awọ tó ń pọ́n ni àmì pé ọ̀já wà níbi tí kò yẹ.

Àléébù rẹ̀ kan rèé: bí ọ̀já àyà bá dẹ̀, òrùka á yà sí ẹ̀gbẹ́, ajá á kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀gbẹ́ ara fà. Ẹ fún ọ̀já ẹ̀gbẹ́, tàbí kí ẹ ra okùn tó ní kílípì ní orí méjèèjì, kí ẹ fi ọ̀kan kọ́ òrùka iwájú, kí ẹ fi èkejì kọ́ ti ẹ̀yìn. Tí ẹ kò bá rí ìwọ̀n ajá yín rà, aránbàtà lè bá yín ṣe é. Ẹ sọ fún un pé kó rán gbogbo ibi tí òrùka bá wà ní onígun mẹ́rin, kó wá rán an ní àgbélébùú ní àárín. Okùn rírán ẹyọ ìlà kan ṣoṣo kì í pẹ́.

Ti ajá tó wúwo ju olówó rẹ̀ lọ ṣì kù. Boerboel lè wọn ju kílò 60 lọ. Bí ẹni tó mú un kò bá tó ìwọ̀n yẹn, hánẹ́ẹ̀sì nìkan lè má tó. Ọ̀já orí, irú bíi Halti tàbí Gentle Leader, ń di ẹnu mú fẹ́rẹ́fẹ́, bíi ti ẹṣin: ibi tí orí bá yí sí ni ara ń tẹ̀ lé. Kì í ṣe ìdínu, ajá ṣì lè la ẹnu, mu omi, kó sì bu èèyàn jẹ. Ẹ má fi wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kan kí ẹ sì jáde lọ́jọ́ náà, torí gbogbo ojú títì ló máa fi imú nù. Ẹ di ọ̀já imú náà mú, kí ẹ fi oúnjẹ gba inú rẹ̀ fún un, kó jẹ́ òun fúnra rẹ̀ ló ń ti imú bọ̀ ọ́. Ọjọ́ méjì, mẹ́ta lẹ́yìn náà, ẹ wá dè é fún ìṣẹ́jú kan, lẹ́yìn náà márùn-ún. Ẹ má já okùn rẹ̀ gbà lójijì láé, ẹ má sì fi okùn gígùn sí i: bí ajá bá sáré dé òpin okùn mítà mẹ́wàá pẹ̀lú ọ̀já ní imú, ọrùn ló máa san án.

Ṣéènì tó ń fún ọrùn, kọ́là eléyín irin àti kọ́là oníná tó ń fi iná mànàmáná gbé ajá, èmi ò ní bá yín rà wọ́n. Mo mọ̀ pé wọ́n lè dá ajá dúró. Ìrora ló ń dá a dúró, ajá kì í sì í mọ̀ pé fífà ló fa ìrora. Ohun tó ń wò lákòókò yẹn ló máa dá lẹ́bi. Ó ń wo ọmọdé tó gbé báàgì ilé-ìwé, eyín irin gún un: lọ́la, bó bá rí ọmọ ilé-ìwé, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbó kí ọmọ náà tó dé. Wales ti fòfin de kọ́là oníná láti 2010. Ní Jámánì, láti oṣù kìíní 2022, kò bófin mu mọ́ kí èèyàn fi kọ́là eléyín irin kọ́ ajá.

Okùn ńkọ́? Mítà méjì, náílọ́ọ̀nù pẹlẹbẹ tàbí awọ. Ṣéènì wúwo, ìwúwo rẹ̀ kì í jẹ́ kí ajá mọ ìyàtọ̀ láàárín okùn tó dẹ̀ àti èyí tó le, ọwọ́ yín náà á sì bó. Okùn tó ń ká ara rẹ̀ wọnú ike máa ń le nígbà gbogbo, ó sì ń gùn sí i bí ajá bá fà. Ẹ̀kọ́ fífà ló ń kọ́ ọ lójoojúmọ́. Ẹ kọ́ ojú okùn sí àtàǹpàkò, kí ẹ fi ìka yòókù dì í mú. Ẹ má yí i mọ́ ọwọ́. Ìka ń kán bẹ́ẹ̀.

Inú ọgbà ni ká ti bẹ̀rẹ̀

Ẹ bọ ẹ̀dọ̀ màlúù láìfi iyọ̀, ata tàbí magí sí i, kí ẹ má sì jẹ́ kí àlùbọ́sà kàn án, torí májèlé ni fún ajá. Ẹ gé e wẹ́wẹ́ bí hóró ẹ̀wà. Ìkúnwọ́ kan tó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú oúnjẹ alẹ́ rẹ̀. Tí ẹ̀dọ̀ bá wọ́n, iwe adìẹ tàbí ẹyin sísè ṣe é lò.

Ẹ mú ẹ̀gbẹ́ kan, ká ní òsì. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kan, ẹ sọ pé "Káre!" bó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín tí okùn sì dẹ̀, kí ẹ fún un ní ẹ̀dọ̀ níbi ìlà rírán ẹ̀gbẹ́ ṣòkòtò yín. Ibi tí oúnjẹ bá ti ń wá ni ajá máa ń dúró sí. Ẹni tó bá ń na ọwọ́ síwájú fún un, iwájú ló máa bá a. Lẹ́yìn ẹsẹ̀ kan, méjì; lẹ́yìn náà mẹ́ta, márùn-ún; kí ẹ tún já a wá sí méjì, kó má baà mọ ìgbà tó máa dé. Ẹ wo okùn láàárín yín: ó yẹ kó tẹ̀ wálẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja. Ìwọ̀ yẹn ni kí ẹ máa wò, ju ajá fúnra rẹ̀ lọ.

Bí okùn bá le, ẹ dúró. Ẹ gbá ọwọ́ tó di okùn mú mọ́ inú, kí ẹ má fà, kí ẹ má sọ̀rọ̀, kí ẹ má sì gbé ẹsẹ̀ kankan síwájú. Ó lè gba ìṣẹ́jú kan gbáko lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Á wẹ̀yìn, á yí orí, okùn á dẹ̀ díẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ náà, "Káre!", kí ẹ sì máa lọ. Lílọ yẹn gan-an ni èrè.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣe é bà jẹ́, torí ajá gbọ́n. Ó fà, ẹ dúró, ó padà wá sí ẹ̀gbẹ́ yín, ẹ fún un lẹ́ran. Ó tún fà. Lọ́jọ́ kẹta, eré tó ti kọ́ ni pé kó fà, kó padà, kó jẹun, kó tún fà. Àtúnṣe rẹ̀ kò le: bó bá padà wá, lílọ nìkan ni ẹ fi san án. Oúnjẹ á dé lẹ́yìn ìṣísẹ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún tí okùn fi dẹ̀ láìfà rárá.

Ajá tó gbóná ju ìyẹn lọ, dídúró lè mú un ya wèrè, á máa fò sókè, á máa bu okùn jẹ. Ẹ yí padà ní tirẹ̀. Kí okùn tó le, nígbà tí ẹ bá rí i pé èjìká rẹ̀ ti kọjá orúnkún yín, ẹ pè é lóhùn ìdùnnú, kí ẹ yí padà, kí ẹ sì gba ọ̀nà ibi tí ẹ ti wá. Ẹ má já a gbà. Bó bá bá yín, ẹ san án. Ẹ lè lo gbogbo ìrọ̀lẹ́ láàárín òpó iná méjì, kí àwọn aládùúgbò máa rò pé nǹkan sọnù lọ́wọ́ yín.

Géètì ló le jù. Tí ajá bá já jáde níbẹ̀, ìrìn ti bàjẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣí i díẹ̀. Bó bá sáré sí i, ẹ pa á dé láìfún un lórí. Ẹ tún ṣí i. Ọjọ́ tó bá wojú yín dípò àlàfo géètì ni kí ẹ jáde.

Àwọn kan á ní ajá àwọn kì í gba oúnjẹ lójú títì. Wọn á ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Tẹ́lẹ̀ ó ń gba ẹ̀dọ̀ nínú ọgbà, àbí? Ohun tó dí etí rẹ̀ ni pé ó sún mọ́ ewúrẹ́ yẹn jù. Ẹ fà sẹ́yìn dé ibi tó ti lè wo ewúrẹ́, kó sì tún wo yín, ó lè jẹ́ mítà mẹ́wàá, ó lè jẹ́ ogójì, kí ẹ ṣe ẹ̀kọ́ yín níbẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ sún mọ́ ọn díẹ̀. Ẹ má gbàgbé pé imú ni ajá fi ń ka ìwé ìròyìn àdúgbò. Ìdí òpó iná tí ajá mẹ́fà ti tọ̀ sí níye lórí fún un ju ẹ̀dọ̀ lọ. Ẹ fi san án: ìṣísẹ̀ ogún tí okùn fi dẹ̀, lẹ́yìn náà "Ó yá!", kó lọ gbóòórùn rẹ̀ tẹ́rùn.

Ohun tó ń pa ẹ̀kọ́ yìí jù ni kí ẹ̀yin dúró lónìí, kí mẹ́gáàdì sì jẹ́ kó fa òun dé ìdí kíóṣì lọ́la. Fífà tó ń sanwó lẹ́ẹ̀kan nínú mẹ́wàá ṣòro láti pa rẹ́ ju èyí tó ń sanwó lójoojúmọ́ lọ. Ẹ wo ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́. Ọjọ́ tí ẹ kò bá ráyè, tí ẹ kàn fẹ́ kó jáde lọ tọ̀, ẹ gbé hánẹ́ẹ̀sì ẹlẹ́yìn wọ̀ ọ́, kí ẹ sì fi ti iwájú sílẹ̀ fún ọjọ́ ẹ̀kọ́ nìkan. Ajá mọ̀ ọ́n yà sọ́tọ̀: aṣọ iṣẹ́ yàtọ̀ sí aṣọ eré.

Bó bá sì jẹ́ pé inú kéèjì ló ń wà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, tàbí ìdí igi, kò sí kọ́là tó máa wo ìyẹn sàn. Ẹ tú u sílẹ̀ nínú ọgbà fún ogún ìṣẹ́jú, kó sáré, kó gbóòórùn, kí ẹ tó fi okùn mú un. Kí ẹ sì jáde kí oòrùn tó là tàbí lẹ́yìn tó bá rọ̀: ẹ gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé ọ̀dà títì, tí ẹ kò bá lè fi í síbẹ̀ títí ẹ ó fi ka méje, ẹsẹ̀ rẹ̀ náà kò lè gbà á. Ajá tí ọ̀dà ń jó ń sáré wá ibi tútù ni, ẹ ó sì pè é ní fífà.

Bí kílípì bá já lójú títì, ẹ má lé e. Lílé ló ń mú un sáré sí i. Ẹ pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ yí ẹ̀yìn sí i, kí ẹ máa sáré lọ sí òdìkejì, kí ẹ máa mi ọ̀rá ẹ̀dọ̀ yín. Bó bá sún mọ́ yín, ẹ lóṣòó, ẹ da ẹ̀dọ̀ sílẹ̀, kí ẹ di kọ́là rẹ̀ mú láti abẹ́ àgbọ̀n, kì í ṣe láti òkè orí.